Bí Mo Ṣe Yọ Pupa Kúrò Nínú Oko Kambolé

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ohun méjì ni ẹ ń bi mí: ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ Tógò tutù, àti pé kí ló dé tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí àwòrán oko. Ilẹ̀ Tógò kò tutù. Ìdáhùn ìbéèrè kejì gùn díẹ̀, ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ ka iná, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ya odò àti òkè sára ògiri ilé ìtura tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, èyí tí gbogbo yín ń sọ pé ó rẹwà, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì gbé iṣẹ́ mìíràn fún mi lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Sàlámátù, àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Sokodé, ránṣẹ́ pé kí n kó ọ̀dà mi kí n máa bọ̀, n kò bèèrè ohun tí mo fẹ́ wá yà.

KOMAH

Mo dé Sokodé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àdúgbò Komah ni ilé Àǹtí wà. Mọ́ṣáláṣí pọ̀ níbẹ̀ débi pé bí àkókò ìrun bá tó, ládàánì kan yóò bẹ̀rẹ̀, èkejì yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta yóò sì máa sáré kí ó lè bá wọn. Ọlọ́kadà tó gbé mi kò mọ ilé tí mò ń lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ìyẹn dà mí láàmú, kò sọ fún mi. Ó ń gbé mi yí Komah ká, ó sì ń dúró kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé ní èdè Tem. Ìkíni wọn kì í ṣe kékeré. Wọn yóò bèèrè ara, ilé, ọmọ àti iṣẹ́, wọn yóò sì tún padà bèèrè ara, bóyá nǹkan ti yí padà láàárín ìgbà náà. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, gbogbo Komah ti mọ̀ pé Ànàgó kan dé tòun ti agolo ọ̀dà. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa tí a ti Nàìjíríà wá. Mo ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ kìíní, torí kò sí ẹni tó bèèrè bóyá mo ní orúkọ mìíràn.

Àǹtí ní fùfú ni a ó jẹ lálẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í jẹ fùfú. Mo wẹ ọwọ́ mi pẹ̀lú ìbànújẹ́. Iyán ni wọ́n gbé síwájú mi, iyán funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wàrà sísè àwọn Fúlàní kún inú rẹ̀. Fùfú ni wọ́n ń pe iyán níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ní kí wọ́n fi fùfú kún un.

Ọkọ Àǹtí ni Alájì Ràímì. Wọn kì í ṣe ará Nàìjíríà bíi tiwa. Ọmọ Kambolé ni wọ́n, ìlú àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ Yorùbá lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀. Ènìyàn jẹ́ẹ́ ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n sì máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí wọ yàrá àlejò.

Wọ́n ní, "Jímọ̀, àǹtí rẹ ní o mọ oko í yà. Bọ̀n, ó dáa. Ya oko bàbá wa tó wà ní Kambolé fún mi. Ṣùgbọ́n má ya ohun tó ń mí sí i o. Kò gbọdọ̀ sí ènìyàn, kò gbọdọ̀ sí ewúrẹ́, kò gbọdọ̀ sí ẹyẹ. Ilé Mùsùlùmí nìyí. Ó yé ọ, dákọ̀ọ̀?"

Mo ní ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ṣèèṣì lọ sókè orí wọn, níbi tí àwòrán ọ̀gá orílẹ̀-èdè wà nínú gíláàsì. Ọ̀gá yìí ti wà lórí oyè kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà Alájì, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé àlejò tí mo wọ̀ ní Sokodé tí n kò bá wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń wò mí.

Alájì rí ibi tí mò ń wò. Wọ́n ní, "Ìyẹn yàtọ̀."

Mo gbà pé ó yàtọ̀.

Ilé ìdáná ni Àǹtí ti sọ ìdí iṣẹ́ náà gan-an fún mi. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí bàbá Alájì kú ní Kambolé, Bàbá Yàyá, ẹ̀gbọ́n Alájì, ránṣẹ́ sí Sokodé. Ojú ọ̀nà kò dára. Ọjọ́ kejì ni Alájì tó dé, ilẹ̀ sì ti bo bàbá. Bàbá Yàyá ló ní kí wọ́n sin ín. Alájì yí padà sí Sokodé lọ́jọ́ náà, ọdún sì ti gorí ọdún, wọn kò dé Kambolé mọ́.

Mo ní, "Àǹtí, ṣebí Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. A kì í jẹ́ kí òkú mọ́jú."

"Ta ló sọ pé Alájì ò mọ̀? Àwọn gan-an ló máa ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kí ni Bàbá Yàyá fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún? Kí ni Alájì fẹ́ sọ pé wọ́n ṣe sáwọn?"

Mo rò ó wò, orí mi kò gbà á. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ wá, yóò bẹ̀ wá, obì yóò kárí, ọ̀rọ̀ yóò tán. Ṣùgbọ́n ìjà tí kò ní ẹlẹ́bi dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ibo lèèyàn fẹ́ gbà wọ̀ ọ́?

Àǹtí ní, "Ẹsẹ̀ Bàbá Yàyá ti ń wú báyìí. Mo ti sọ fún Alájì, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Tí bàbá yẹn bá kú, wọ́n á sin wọ́n lọ́jọ́ náà, Alájì á tún dé lọ́jọ́ kejì. Mo mọ ọkọ mi. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí á pa wọ́n. Èmi ni mo dá ọgbọ́n àwòrán yìí. Ya Kambolé kó wù wọ́n, Jímọ̀. Yà á kí ilé fà wọ́n."

TCHAMBA

Ní Tchamba, lójú ọ̀nà Kambolé, àwọn ṣọ́jà dá ọkọ̀ wa dúró. Wọ́n wo ìwé gbogbo wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ọ̀dà mi. Faransé ni ọ̀gá wọn ń sọ, èmi kò sì gbọ́ ju "bọ́njúù" lọ, nítorí náà ìyá oníṣu kan tó jókòó tì mí ló ń túmọ̀.

"Ó ní kí lo fẹ́ fi ọ̀dà ṣe."

"Mo fẹ́ ya oko."

Ṣọ́jà náà ṣí agolo pupa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e. Ó fi ìbọn tọ́ka sí igbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó lọ títí ojú kò tó o mọ́. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìyá oníṣu ní, "Ó ní ọ̀fẹ́ ni wíwo èyí."

Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, láìmú ìbọn lọ́wọ́. Ó wá ní bí mo bá jẹ́ ayàwòrán lóòótọ́, àwọ̀ wo ni igbó yẹn? Mo ní kì í ṣe àwọ̀ kan. Mo ní ewé tó wà nítòsí ní ìyeyè nínú, ti àárín dúdú kirikiri, èyí tó jìnnà ti mu nínú àwọ̀ sánmà, débi pé bí a bá fẹ́ yà á, a ó fi búlúù sí i. Ìyá oníṣu gé e kúrú. Ṣọ́jà náà yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo igbó. Nígbà tí ọkọ̀ wa ṣí, ó ṣì ń wò ó. Ọkọ̀ tó tẹ̀lé wa kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ìwé wọn.

KAMBOLÉ

Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Kambolé. Mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó dé, mo sì ti pinnu pé níbẹ̀, n kò ní jẹ́ àlejò. Mo sọ gbólóhùn díẹ̀, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan bá wọn wí. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá, Yorùbá mi máa tó dáa.

Bàbá Yàyá wà níwájú ilé, wọ́n jókòó lórí awọ àgùntàn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí. Ẹsẹ̀ náà wú lóòótọ́. Mo kí wọn, mo sọ ẹni tó rán mi.

Wọ́n ní, "Ràímì ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun, bàbá."

"Ó ń sùn?"

"Wọ́n ń sùn."

Wọn kò bèèrè ohun mìíràn nípa àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí mo lò níbẹ̀, wọ́n ń bèèrè méjèèjì bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé mo ti lọ sí Sokodé lóru mo sì ti dé. Mo ń dáhùn pé wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn.

Wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn sórí kẹ̀kẹ́, a sì lọ sí oko. Òjò ti rọ̀ dáadáa. Ebè iṣu tò lọ láti ẹsẹ̀ ọ̀nà dé etí odò, ìtàkùn ti gun igi rẹ̀, ewé dúdú, ó ń dán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ó ni, nítorí náà ilẹ̀ pupa yọ láàárín ebè gbogbo. Bàbá Yàyá ní apá ọ̀tún ni tàwọn, apá òsì ni ti Ràímì. Mo wo apá òsì. Òun gan-an ló mọ́ jù.

Mo ní, "Ta ló ń ro ti Alájì?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ ro. Iṣu ibẹ̀, a fi ń ṣe sàráà fún bàbá wa."

"Ṣé Alájì mọ̀?"

Bàbá Yàyá wò mí. "Tí mo bá ránṣẹ́ sí i pé mò ń ro oko rẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Má sọ fún un o, má sì sọ fún ìyàwó rẹ̀." Wọ́n ní kí n fi Àlùkùráánì búra. Mo búra.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta tó àwòrán oko í yà. Ọ̀kan ni baálé, ọ̀kan ni ìyàwó, ọ̀kan ni àlejò. Bí o bá jẹ́ kí àlejò pọ̀ ju onílé lọ, àwòrán ti bàjẹ́. Mo fi àwọ̀ ewé ṣe baálé. Mo fi ilẹ̀ pupa ṣe ìyàwó, torí kò sí ohun tí í mú kí ewé tutù lójú bí kí pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sánmà ni àlejò, mo fún un ní ìwọ̀nba búlúù, mo sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àwọn igi tó jìnnà. Àwọn ènìyàn ń wá wò mí láti ìdí oko. Ọkùnrin kan bèèrè ibi tí àgbẹ̀ wà nínú àwòrán. Mo ní Alájì ní n kò gbọdọ̀ ya ohun tó ń mí. Ó ronú sí i, ó ní, "Á jẹ́ pé ebè ọ̀hún ló ń kọ ara rẹ̀." Ó sì lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi kì í yin ara mi. Ṣùgbọ́n àwòrán náà dára.

ÀWÒRÁN KÌÍNÍ

Alájì jókòó síwájú rẹ̀ ní Komah, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́ tí kò tutù.

Alájì ní, "Máṣàálláhù. Wọ́n ń ṣe dáadáa."

Mo ní, "Wọ́n ń ṣe dáadáa, sà."

"Kò síbi tó kù sílẹ̀. Wọ́n ti mú apá tèmi náà mọ́ tiwọn. Ó dára, ilẹ̀ ò ṣeé fi ṣòfò." Wọ́n dìde. "Á jẹ́ pé wọn ò nílò mi."

Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí ògiri tó dojú kọ ọ̀gá orílẹ̀-èdè, wọ́n sì lọ ṣe àlùwàlá. Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ nípa apá òsì wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná, ṣùgbọ́n mo ti búra. Inú mi bàjẹ́ gan-an. N kò rò pé àwòrán lè dára jù fún iṣẹ́ tí a rán an.

Àǹtí fà mí wọ ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Mo ní kóo ya ilé tó ń fa èèyàn. O lọ ya ilé tí nǹkan kan ò ṣe!"

"Àǹtí, bó ṣe wà ni mo ṣe yà á."

"Ta ló bi ọ́ bó ṣe wà?" Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì bi mí léèrè bí oko ṣe máa ń rí lójú bí ẹni tó ń ro ó bá ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Mo ní, "Kò ní sí pupa níbẹ̀."

A wo ara wa.

ÀWÒRÁN KEJÌ

Mo ya èkejì ní ẹ̀yìnkùlé. Oko kan náà ni, odò kan náà, igi kan náà. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo dé agolo pupa, n kò sì ṣí i mọ́. Ibi tí ilẹ̀ ti yẹ kó hàn, mo fi koríko sí i, ewé rẹ́súrẹ́sú tó mú ìyeyè, títí tí ẹsẹ̀ ọ̀nà fi dí. Ìtàkùn iṣu wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn ní láti wá a. Nígbà tí kò sí pupa mọ́, àwọ̀ ewé náà kú. Òun ni àwòrán tó burú jù tí mo yà láyé mi. Bí mo ti ń yà á, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo da ẹran wọ oko olóko, ojú àwọn ọmọ Bàbá Yàyá tó ro ilẹ̀ yẹn sì ń wá sí mi lọ́kàn.

Àǹtí ló gbé e lọ bá Alájì. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú sọ́mọ yìí. Èyí tó wà lára ògiri yẹn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ pé kó yà á bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà gbọ́. Èyí lohun tó rí." Àǹtí mi ti lọ sí Mẹ́kà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alájì gbé àwòrán náà lọ sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi ìka tọ apá òsì, wọ́n kọjá. Wọ́n fi ìka tọ apá ọ̀tún, ti ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Yàyá? Yàyá ló jẹ́ kí koríko bo òun?" Ohùn wọn ti yí padà. "Tí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò bá pupa lásìkò òjò, kò lè dìde ni. Kò lè dìde mọ́." Wọ́n wo èmi, wọ́n wo Àǹtí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn, bàtà ọ̀hún sì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

IWÁJÚ BÀBÁ YÀYÁ

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiwa kò lọ ju ààbọ̀ ọjọ́ lọ. Nínú ọkọ̀, Alájì gbé àwòrán lé itan, wọn kò sọ̀rọ̀. Àwọn ṣọ́jà Tchamba ní kí a kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wù mí kí wọ́n dá mi dúró.

Nígbà tí a dé, Bàbá Yàyá jókòó níwájú ilé, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Alájì bọ́ sílẹ̀, wọ́n rí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n rí àgbàdo, ara wọn sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n kí i. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá lè jókòó jẹ àgbàdo, kí ló dé tí oko bàbá wa fi rí báyìí?" Wọ́n sì ṣí àwòrán náà.

Bàbá Yàyá wò ó dáadáa. Wọ́n wò mí. Èmi wo àgbàdo.

Bàbá Yàyá ní, "Jẹ́ ká lọ wò ó." Àwọn ọmọ fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ jáde, bàbá ní àwọn kò fẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé e lé èjìká Alájì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rìn ín dé oko, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń rìn. Àbúrò kò lè yára, ẹ̀gbọ́n kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ran àwọn lọ́wọ́. Èmi ń tẹ̀ lé wọn, mo sì ń wá ohun tí mo máa sọ.

Oko wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ewé dúdú, ilẹ̀ pupa fòò. Alájì wo àwòrán ọwọ́ wọn, wọ́n wo oko, wọ́n tún wo àwòrán.

Wọ́n ní, "Jímọ̀."

Bàbá Yàyá ló dáhùn.

Wọ́n ní, "Koríko ni gbogbo rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alájì rìn dé apá òsì, wọ́n dúró láàárín ebè. "Ta ló ń ro ibi tèmi?"

"Ẹni tó ń ro tèmi náà ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tóo ti lọ."

Alájì káwọ́ lérí, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò lè sọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. "Ẹ ò dúró dè mí. Ọjọ́ tí bàbá kú, ẹ ò dúró dè mí."

Bàbá Yàyá ní, "Òkú kì í dúró, Ràímì. Èmi ni mò ń dúró."

Alájì jókòó sórí ebè, tàwọn ti aṣọ funfun wọn, wọ́n sì sunkún. Bàbá Yàyá kò jókòó. Wọ́n di igi tí ìtàkùn iṣu gùn mú, wọ́n sì dúró ti àbúrò wọn lórí ẹsẹ̀ wíwú náà, títí ẹkún fi tán lójú rẹ̀.